Kí Kajú Tó Bẹ̀rẹ̀

Ajé, ogúnjọ́ oṣù kìíní

Káàdì àwòrán tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà mi máa yára yàwòrán dé lónìí! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì Parakú ló gbé e wá láti Kútọnu, ó sì fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́bàá títì ní Ṣábẹ̀ níbí, nínú àpò kan, Fòfó Hervé sì ti fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ wé e. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ẹrù ló ń já ní èbúté, kò mọ ohun tí káàdì àwòrán ń ṣe láyé. Mo kàn sọ pé kọ̀ǹpútà mi kò lágbára tó, ó sì lọ wá a rà. Àpótí iná tuntun wà nínú ẹrù náà pẹ̀lú, èyí tí yóò máa pín kúráǹ fún gbogbo ara ẹ̀rọ, nítorí pé ti àtijọ́ kò ní okùn tí káàdì ńlá báyìí ń lò.

Romaric, tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù pọ́tábù ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wá bá mi tò ó. Nígbà tí a tàn án, mo yí àwòrán ilé ìgbẹ̀bí mi sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò há rárá. Màmá jó yí tábìlì ká.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè máa dẹ́rù bà mí: ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ni bùró kan, ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé ní Kútọnu, máa gba iṣẹ́ ìdánwò kẹ́yìn. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, tí ènìyàn yóò fi rìn nínú ilé ìgbẹ̀bí tí a kò tíì kọ́, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá ìbímọ. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, iṣẹ́ di tèmi. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, Bàbá Tọ́ládé ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun náà ló rán mi lọ kọ́ yíyàwòrán ilé ní Parakú. Ó ní bí kajú bá bẹ̀rẹ̀ tí n kò tíì ríṣẹ́, kí n wá máa kọ ìwé ìwọ̀n fún òun ní ilé kajú òun, níbi tí òun ti ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, bíi ti èṣí. Ta ni yóò wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó ní òun kò ṣe? Mo gbà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ní kí ẹ̀rọ máa se àwòrán. Sísè ni mo ń pè é: ó máa ń mú ilà tí mo yà, á fi ìmọ́lẹ̀ sí i, á fi òjìji sí i, títí yóò fi jinná. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré, ó kú pii. Kò kùn, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú. Lẹ́yìn náà ó tan ara rẹ̀ padà bí ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìgbà mọ́kànlá lónìí.

Mo yọ ètò tó ń darí káàdì kúrò, mo fi tuntun sí i. Ó kú. Mo yọ tuntun, mo wá ti ọdún méjì sẹ́yìn, rẹ́sọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń fà bí oyin, àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ń ké sí mi wá jẹun ọ̀sán. Ó kú. Nígbà tí mi ò bá sọ pé kó se nǹkan, ó ń bá mi ṣeré dáadáa. Bí mo bá ti ní kó ṣiṣẹ́ gidi, ó di òkú. Mo mọ àwọn ọkùnrin kan ní Ṣábẹ̀ yìí tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Fòfó Hervé pè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Nǹkan yẹn ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Fòfó. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára."

"Dáadáa, dáadáa?"

"Dáadáa ni."

"Bọ̀n, ó dáa," ó ní. "Ọlọ́run ṣeun."

Kí ni kí n sọ? Màmá ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ọkùnrin ra ẹ̀rọ ńlá fún ọmọ òun obìnrin. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá fi òógùn ojú rẹ̀ rà, a máa ń kí i fún un ni, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀. Irọ́ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọyẹ́ mú gan-an. Òkè kò hàn láti ojú fèrèsé mi, ògiri ilé kajú Bàbá Tọ́ládé nìkan ni mo ń rí, àti àwọn àpò òfìfo tí wọ́n tò jọ sẹ́bàá rẹ̀. Ètè mi ti là. Mo rò pé eruku ló dí ẹ̀rọ náà nímú, mo tú u, mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún títí ó fi ń dán. Tòmátì ti gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi ata nìkan se ọbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó kú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kejì

Romaric wá. A yọ pátákó kékeré méjèèjì tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan, a fi ọ̀kan, a yọ ọ́, a fi ìkejì. Bákan náà ni. Ó fi òróró ìtutù tuntun sórí ọpọlọ ẹ̀rọ. Bákan náà ni. Màmá gbé ìgò omi àdúrà wá, ó fẹ́ wọ́n ọn sí i. Mo dìde dúró láàárín wọn. Nígbẹ̀yìn a gbà pé kí ìgò náà dúró sórí tábìlì pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejì

Fòfó pè. Mo ní dáadáa.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Romaric ní bóyá kúráǹ ilé wa ni kò dúró déédéé. Ìrètí sọjí nínú mi. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní iná oòrùn tí kì í mì, nítorí náà mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, mo gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, Romaric gbé gíláàsì tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀ tẹ̀lé mi. Àwọn obìnrin akọrin ń dánrawò lọ́wọ́. Wọ́n dúró, wọ́n yí wa ká, wọ́n rí ilé ìgbẹ̀bí náà tó ń mọ́lẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Háà, Fẹ̀yìntọlá, ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?"

Ojú ibẹ̀ gan-an ló kú sí. Ojú tì mí débi pé mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni.

Ẹtì, ọjọ́ keje

A yọ káàdì náà pátápátá láti wò ó. Ẹ̀rọ kò kú mọ́! Ṣùgbọ́n láìsí káàdì, àwòrán kan ṣoṣo gba wákàtí kan. Fíìmù náà sì fẹ́ àwòrán ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo ṣírò rẹ̀: ó lé ní oṣù mẹ́fà. Nígbà yẹn wọ́n á ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí náà tán, àwọn ọmọ á ti máa ké nínú rẹ̀.

Romaric jókòó sórí ẹní, ó nu ọwọ́.

"Káàdì ló bàjẹ́ àbí àpótí iná. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó dá wọn padà fún ẹni tó tà á."

"Rárá."

"Fẹ̀yìn, a ti tú gbogbo ara ẹ̀rọ yìí palẹ̀ àfi nǹkan méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

"Mo ní rárá! Ṣé ìwọ lo máa pè é? Ẹni tó ń fi èjìká ru ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́, kí n pè é kí n ní ohun tó rà kò dáa?"

Ó wò mí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Fòfó tún béèrè. "Dáadáa, dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà kẹta nìyí. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé irọ́ yìí sọ̀ sí.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Tọ́ládé ya ọ̀dọ̀ wa bí ó ti ń bọ̀ láti Ọ̀fẹ̀. Ó ní kajú ti ń bọ́ lábẹ́ igi níbẹ̀, pé tọdún yìí á yá.

"Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni mo máa ṣí bàsíkúlù, kí a máa wọn kajú," ó ní. "Ọ̀dínátẹ̀ yẹn ńkọ́?" Kọ̀ǹpútà mi ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"A ń bá a fà á, Bàbá."

"Bọ̀n. Ẹ máa fà á."

Ó gbé ìwé tuntun kan lé orí tábìlì mi, ìwé ìwọ̀n, ó ti fi rúlà lalẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Kò fi ibi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní ó ń jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá ráyè bínú. Mo fi aṣọ bo ìwé náà, mo tún ń rí i lábẹ́ aṣọ.

Mo ka ọjọ́ tó kù. Méjìdínlógún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò fọwọ́ kàn án lónìí. Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Màmá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jáde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí n rọra kọ ti òní.

Mo lọ bẹ Romaric ní àárọ̀, ó sì tẹ̀lé mi wá. A tún tú ẹ̀rọ palẹ̀ lójú ẹní. Àpótí iná àtijọ́ wà lápá kan, tuntun wà lápá kejì, káàdì wà láàárín. Bàbá Tọ́ládé bá wa níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fojú kan ohun tó ń da ọmọ òun láàmú. Ó lóṣòó, ó ń wo gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe máa ń wo kajú tí wọ́n dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé àpótí iná kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó gbé wọn sókè, ó rọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ó pààrọ̀ ọwọ́, ó tún gbé wọn.

"Èwo ló lágbára jù nínú wọn?"

Romaric ní, "Tuntun yẹn ni, Bàbá. Ìlọ́po méjì ni wọ́n kọ sí i lára."

"Òun ló sì fúyẹ́ jù." Ó yíjú sí mi. "Gé e."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní ilé kajú rẹ̀, kò sí àpò tó wọlé tí wọn kì í bu ẹ̀kúnwọ́ lára rẹ̀, kí wọ́n là á sí méjì, kí wọ́n wo inú. Ẹni tó bá ra èèpo, ó ra òfo. Èmi náà ti gé tó èyí tí ìka mi fi pọ́n lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹnu mi sọ ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí.

"Bàbá, Fòfó Hervé ló rà á."

"Mò ń bi ẹ́ nípa kajú, o ń pe orúkọ olóko fún mi."

Romaric ti mú irinṣẹ́ ìtúṣó, ó tú ìṣó mẹ́rin, ó ṣí i. Inú rẹ̀ ṣófo. Pátákó kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ló wà níkọ̀ọ̀rọ̀, pẹ̀lú okùn méjì tó tín-ín-rín. Ibi tó kù, afẹ́fẹ́ ni. Romaric ní nǹkan tó wà nínú àpótí yìí kò lè bọ́ káàdì náà, pé nígbàkigbà tí káàdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa kúráǹ, ọwọ́ àpótí yìí kò ní tó o, gbogbo ẹ̀rọ á sì kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo fi wẹ ohun tó mọ́.

Bàbá Tọ́ládé dìde, ó gbọn eruku orúnkún. "Pe ẹ̀gbọ́n ẹ," ó ní. "Kò ní pa ẹ́."

Mo ro ó lẹ́yìn tó lọ. Ká ní kò gbé àpótí yẹn lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí mo máa di akọ̀wé ìwọ̀n rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mi ò dúró kó pè. Èmi ni mo pè é.

"Fòfó, àpótí iná yẹn kò dáa. Láti ọjọ́ kejì ni kò ti dáa. Mo parọ́ fún yín."

Mò ń gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ ńláńlá lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Ọwọ́ mi ti tán lórí káàdì. Ẹni tó tà á ní òun ní àpótí kan tí owó rẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo gbé e, Fẹ̀yìn. Èmi tí mò ń gbé ẹrù láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣé mi ò mọ ohun tó fúyẹ́ ni? Mo kàn sọ fún ara mi pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mo fi ń bi ẹ́ pé ṣé dáadáa ni, dáadáa. Mò ń retí kó o sọ pé rárá, kí n lè ríbi bẹ̀rẹ̀."

Mo bú sẹ́kún, òun náà ń rẹ́rìn-ín tí kò dùn létí. Ojú ń ti òun, ojú ń ti èmi, kajú sì ń bọ̀. Ó ní òun á wá gidi rà kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì. Romaric, tó jókòó tì mí, gba pọ́tábù lọ́wọ́ mi, ó ka oríṣi tó fẹ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kó wúwo o."

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àpótí iná dé. Ó wúwo! Kí a tó fi sí i, Romaric tú ìṣó rẹ̀, a sì wo inú rẹ̀. A kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A tò ó. Mo ní kó se. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Wákàtí kan. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde. Màmá ní kí n lọ wẹ̀, mo ní kó dákẹ́, bí ẹni pé ohùn rẹ̀ lè pa ẹ̀rọ náà.

Kò kú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Sísè gidi bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀. Gbogbo rẹ̀ á gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, bí iná kò bá lọ.

Iná lọ láago méjìlá. Ó dé láago mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó ku àwòrán ẹgbẹ̀rún kan. Ooru inú yàrá yìí kò ṣeé gbà, ẹ̀rọ ń gbóná, èmi ń gbóná, ọyẹ́ sì ti lọ. Òkè ti hàn padà. Romaric wá jókòó tì mí láì ní ohun kankan láti tún ṣe. A jẹ ẹ̀wà, a ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá dúró díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Fíìmù náà ti lọ! Wákàtí márùn-ún ni rẹ́sọ́ fi gbé e, mo sì ṣe é lẹ́bàá títì níbi tí ó ti lágbára díẹ̀, lábẹ́ ibòji ilé epo. Bùró náà kọ̀wé pé àwọn ti rí i gbà, pé àwọn á dá èsì padà. Wọn kò sọ ìgbà.

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Èsì kò tíì dé. Àdéhùn sì ni àdéhùn: mo ti ṣe é pẹ̀lú Bàbá Tọ́ládé pé èmi á wá bí kajú bá bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ìwé ìwọ̀n kúrò lábẹ́ aṣọ tí mo fi bò ó, mo sì lọ sí ilé kajú láago méje. Àwọn àgbẹ̀ ti tò látọ̀dọ̀ bàsíkúlù dé ojú ọ̀nà, àwọn ará Bẹ̀sé pọ̀ láàárín wọn. Laure, ọmọ aládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, jókòó sídìí tábìlì, ó ti ń kọ̀wé.

Bàbá Tọ́ládé rí mi. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ ní bí kajú bá bẹ̀rẹ̀."

"Wọ́n ti dá ẹ lóhùn?"

"Rárá."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Laure. Ó fà mí sẹ́yìn àwọn àpò, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Padà sílé lọ dúró dè wọ́n. Bí mo bá gbà ẹ́ lónìí, mi ò ní lè jẹ́ kó o lọ mọ́. Mo mọ ara mi."

Mo dé ilé, mo jókòó. Mi ò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ti ibí tàbí ti ibẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Màdáámù Aurore ti bùró pè mí láago mẹ́wàá. Ó ní ìmọ́lẹ̀ yàrá ìbímọ ni gbogbo wọn fẹ́ràn jù. Wọ́n gbà mí. Kí n dé Kútọnu kí ọjọ́ kẹtàdínlógún tó pé.

Mo sáré lọ sí ilé kajú, mi ò wọ bàtà. Bàbá Tọ́ládé dúró ti bàsíkúlù, àpò kan wà lórí rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un lójú gbogbo ènìyàn. Kò wo ojú mi. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ìwọ̀n.

"Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ó ní.

Laure kọ ọ́.

Àwọn tó wà lórí ìlà ń kí mi, ìyá àgbà kan gbá mi mọ́ra. Àpò náà ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Tọ́ládé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún tẹjú mọ́ ọn.

"Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ó ní.

"Bàbá," Laure ní, "ẹ ti pe ìyẹn."